Nọ́ńbà Ni Wọ́n Ń Béèrè, Kì í Ṣe Káàdì

Àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, níbi tí mo ti ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀ fún NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, kì í béèrè nọ́ńbà mọ́, káàdì ni wọ́n ń béèrè. "Ẹ bá mi ṣe èyí tó le." Èyí tó le ni pé kí n tẹ NIN wọn sórí ike bíi káàdì ATM, kí àmì ìjọba àpapọ̀ wà lórí rẹ̀, kí fọ́tò wọn sì máa dán. Tí mo bá ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ọ̀kan á ní àwọn sójà ojú ọ̀nà Ọbájánà ń béèrè rẹ̀. Òmíràn á ní wọn ò ní jẹ́ kí òun dìbò. Òmíràn á ní ẹnì kan sọ fún òun lọ́jà pé sílíìpù bébà ti kú, èyí tó le nìkan ni ìjọba mọ̀ báyìí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lẹ́nu, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Irọ́ ni. Òǹkà mọ́kànlá ni NIN, inú kọ̀ǹpútà NIMC, àjọ tó ń rí sí ìdánimọ̀, ló wà, pẹ̀lú fọ́tò yín àti ìtẹ̀ka yín. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ì báà jẹ́ bébà, ì báà jẹ́ ike, kí ẹ má bàa gbàgbé òǹkà náà ni. Ìjọba ti ṣe káàdì gidi rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan gba tirẹ̀ ní Abuja, àmì Mastercard wà lára rẹ̀. Àwọn tó rí i gbà kò pọ̀. Ní 2024 wọ́n tún kéde òmíràn, èyí tí wọ́n ní AfriGO, ètò káàdì ìsanwó ti Nàìjíríà, yóò wà lára rẹ̀. Káàdì ń wá, káàdì ń lọ, nọ́ńbà náà kò yí padà. Ike tí wọ́n ń tẹ̀ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, sílíìpù kan náà ni, owó yín ni wọ́n fi mú un le.

Ibo wá ni ẹ ti nílò rẹ̀? Òfin tó dá NIMC sílẹ̀ ní 2007 ka àwọn nǹkan náà sílẹ̀ ní abala 27, ìlànà tó tẹ̀ lé e ní 2017 sì là á mọ́lẹ̀ pé lílo nọ́ńbà náà ni ó pọn dandan: ṣíṣí àkáǹtì ní báǹkì, gbígba ìwé ìrìnnà, ríra ilẹ̀ tàbí yíyí orúkọ orí ilẹ̀ padà lọ́dọ̀ ìjọba, owó ìfẹ̀yìntì, adójútòfò, ètò ìlera adójútòfò, owó orí, ìforúkọsílẹ̀ fún ìdìbò. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ náà ti wà níbẹ̀ báyìí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, NIN yín náà ni nọ́ńbà owó orí yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín gba òmíràn, ẹ lé e dànù. Ní báǹkì, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé owó kò gbọdọ̀ jáde nínú àkáǹtì tí kò ní BVN tàbí NIN. Tí ẹ bá ra síìmù, tàbí ẹ fẹ́ ṣe wẹ́kọ́ọ̀mù-báàkì èyí tó sọnù, ẹ nílò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ibi tí mo kà yìí, ẹ ka òǹkà náà, ẹ tẹ̀ka tàbí kí wọ́n ya ojú yín, ó parí. Ẹni tó gbàgbé tirẹ̀, kó tẹ *346# lórí fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀. Owó díẹ̀ ni wọn yóò yọ.

Ní ọjọ́ ìdìbò, káàdì ìdìbò yín nìkan ni ẹ ó mú lọ. Òfin ìdìbò ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ BVAS ni yóò sì yẹ ìka tàbí ojú yín wò. NIN kò sí níbẹ̀.

Ní ti ojú ọ̀nà, ẹni tó ń ti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja nínú ìgbà tí a wà yìí, tàbí tó ń gba Òmùò wọ Èkìtì, ó yẹ kó ní ohun tó ń jẹ́rìí ẹni tó jẹ́ lápò. Ohunkóhun tó bá ti ní orúkọ àti fọ́tò á ṣe é: káàdì ìdìbò, káàdì ilé-ìwé, ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ìrìnàjò mọ́tò kò sí nínú ohun tí abala 27 kà. Ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna ni wọ́n ti ń gba NIN kí wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 lẹ́yìn ìkọlù àwọn ajínigbé.

JAMB ni mo fẹ́ kí àwọn òbí fetí sí dáadáa. Ọmọ yín á fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ láti fóònù rẹ̀ sí 55019 tàbí 66019, kóòdù tí yóò fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò á padà wá. Láti inú NIN ni wọ́n ti máa fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ ní ilé-ìwé, tó wá jẹ́ Abọ́sẹ̀dé nínú NIN, Abọ́sẹ̀dé ni JAMB mọ̀. Èyí tí wọ́n kàn fi ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní sí nítorí pé bàbá rẹ̀ ò rántí ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ yẹn ni yóò gbé dé yunifásítì. Ìforúkọsílẹ̀ fún NIN, ọ̀fẹ́ ni. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí kì í ṣe ọ̀fẹ́: láti ọdún 2025, ₦28,574 ni, ẹ ó sì mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá láti ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn, NPC. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ fún yín ní gàráàjì pé àwọn lè ṣe é ní ìdajì owó yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti rí iṣẹ́ wọn. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń yí ọjọ́ tó wà lára sílíìpù padà, wọ́n á tún un tẹ̀, wọ́n á fi ike bò ó, á máa dán. Ohun tó wà ní Abuja kò kúrò níbi tó wà. Ọmọ dé ibi ìdánwò, ọjọ́ ìbí méjì ló bá a débẹ̀. Ọlọ́ṣà ni mo ń pe àwọn bẹ́ẹ̀, n kì í pè wọ́n ní alábàáṣiṣẹ́. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí kì í fọwọ́ kan ọjọ́ ìbí ẹlòmíràn lórí bébà.

Ẹ̀yin tí wọ́n sọ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àmì ẹranko ni NIN, 666, òǹkà mọ́kànlá ni tiyín, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń kọ ọ́ sí yín níwájú orí. Mo ti forúkọ pásítọ̀ sílẹ̀, mo ti forúkọ ímáàmù sílẹ̀, mo sì ti forúkọ olóyè sílẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rù yẹn pa ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ yín lára.

Ọ̀rọ̀ ìka náà wà, nítorí àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa. Nígbà kajú, mo máa ń rí àwọn ìyá tí awọ ìka wọn ń bó wàrà-wàrà. Epo tó wà nínú èèpo kajú ló ń jó wọn nígbà tí wọ́n bá ń sun ún tàbí tí wọ́n ń pa á. Ẹ̀rọ kò lè rí ìlà kankan lórí irú ìka bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó wá, ó tún wá burú sí i. Ẹ fi kẹrosíìnì sílẹ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́ lálaalẹ́, kí ẹ fi òrí pa á títí awọ tuntun á fi yọ, kí ẹ tó wá. Ẹni tí ìka rẹ̀ gé, ẹ̀rọ ní àyè tirẹ̀, kò sídìí tó fi gbọdọ̀ jókòó sílé.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ nìyí: fọ́tòkọ́pì. Ẹ ń pín in kiri bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ẹni tó fẹ́ ra kajú lọ́wọ́ yín kò nílò NIN yín. Oní-POS tó fẹ́ yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún yín kò nílò rẹ̀. Olóṣèlú tó ní òun fẹ́ pín ìrẹsì kò nílò rẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kó owó aṣọ ẹbí kò nílò rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni, ti ọdún 2023, fún yín láṣẹ láti bi ẹnikẹ́ni tó bá béèrè rẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ bi í kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Ẹni tó bá ní fóònù tó dára, NIMC ní áàpù tí wọ́n ń pè ní NINAuth, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa fọwọ́ sí i níbẹ̀ kí ẹni náà tó rí ohunkóhun nípa yín.

Ìyá kan wà ní abúlé kan lápá Búnú. Opó ni, ó ní oko kajú. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gun ọ̀kadà wá sí abúlé wọn nígbà tí kajú ń já. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ ní àmì tó jọ ti ìjọba láyà. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àpò ajílẹ̀ méjì-méjì ló kan àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí kálukú mú fọ́tòkọ́pì NIN rẹ̀ wá, kó sì tẹ̀ka. Ìyá tẹ̀ka. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò gbà á, kó nu ọwọ́, kó tún tẹ̀ ẹ́. Ó nu ún sára ìró, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Màmá, ẹ má bínú, ó kù díẹ̀, ẹ wojú fóònù yìí." Ó wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gun ọ̀kadà wọn lọ. Ajílẹ̀ ò dé títí di òní.

Inú "ẹ̀rọ ò gbà á" yẹn ni gbogbo ibi náà wà. Lóòótọ́, ẹ̀rọ máa ń kọ ìka, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ á yí ojú kọ̀ǹpútà sí yín kí ẹ fojú ara yín rí i pé kò wọlé. Àwọn tó bá ń dojú rẹ̀ kọ ara wọn, tí wọ́n kàn ń ní kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, síìmù ni wọ́n ń fi orúkọ yín ṣí, ìtẹ̀ka kan, síìmù kan. Ìlànà kò jẹ́ kí NIN kan gbé ju síìmù mẹ́rin lọ. Ẹyọ kan péré ni Ìyá ní. Mẹ́ta tó kù, wọ́n gbé wọn lọ tà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n jí ẹnì kan gbé lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà tí wọ́n fi pe ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n kó owó wá, orúkọ Ìyá ló wà lórí rẹ̀. Ọlọ́pàá wá a délé. Obìnrin tí kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, tó jẹ́ pé ọmọọmọ rẹ̀ ló ń bá a pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó, ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀, tó sì sùn ní àgọ́ wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi apá kan oko kajú náà dógò kí wọ́n tó rí owó lọ́yà san.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ọ̀rá kan jáde, inú ọ̀rá náà ni sílíìpù rẹ̀ wà, wọ́n ti lamínéètì rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ń ṣí. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi ṣe èyí tó le, kí wọ́n lè gbà pé èmi kọ́."

Mo ní, "Ìyá, ẹ yọ ti káàdì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ pa àwọn síìmù yẹn."

Ohun tí a ṣe ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ti tẹ̀ka fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fóònù gan-an, ẹ má lọ sábẹ́ agboòrùn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ NIN yín wò, kí wọ́n ka gbogbo síìmù tiwọn tó wà lórí rẹ̀ sí yín létí, kí wọ́n yọ èyí tí kì í ṣe tiyín. Iléeṣẹ́ kan ò lè yọ síìmù iléeṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ẹ máa lọ láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, kí wọ́n fún yín ní ìwé. Ọjọ́ tó wà lára ìwé yẹn ni lọ́yà yóò kọ́kọ́ béèrè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Kí onínọ́ńbà lọ fúnra rẹ̀, torí ìka rẹ̀ ni wọn yóò gbà, wọn kò ní dá ọmọ tí ẹ bá rán lóhùn. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.