Iná wà lórí wáyà, owó wà lọ́wọ́, kò sí tókìn

Ẹni tó bá ti ra iná rí ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, mọ bó ṣe ń lọ. Oní-POS á gba nọ́ńbà mítà, owó á kọjá, ìlà nọ́ńbà 20 á jáde lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́. Oníbàárà á délé, á tẹ̀ wọ́n sínú mítà ní mẹ́rin-mẹ́rin. Kí bébà yẹn tó jáde, ìbéèrè ti lọ bá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ iná, èsì sì ti dé. Kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn yẹn ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá. Òpó iná ò kàn wọ́n.

Ní oṣù Keje ọdún 2019, ọwọ́ wọn tẹ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní Johannesburg. Ransomware, ètò kọ̀ǹpútà tí olè fi ń ti fáìlì onífáìlì pa kó lè gba owó ìtúsílẹ̀, wọ City Power tó ń pín iná nílùú náà, ó sì ti gbogbo àkọsílẹ̀ wọn pa. Iná ò kú lórí wáyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yúníìtì rẹ̀ tán kò rí òmíràn rà, àárín òtútù ibẹ̀ sì ni oṣù Keje.

Ará Ọ̀ṣun mọ ajínigbé. Ransomware jọ ọ́, àmọ́ kì í gbé ẹrù onílé lọ sínú igbó: àgádágodo tuntun ló ń fi sẹ́nu ilẹ̀kùn onílé, tí yóò wá ní kí wọ́n san bitcoin. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ méjì ni. Èyí tó ń tì ni wọ́n ń gbé wọlé. Èyí tó ń ṣí kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí èèyàn bá ní kóun máa dán kọ́kọ́rọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ayé rẹ̀ ò ní tó o. Lóde òní, wọ́n tún ń jí ẹ̀dà fáìlì kó kí wọ́n tó tì í, kí wọ́n lè halẹ̀ pé àwọn á tú àṣírí síta.

Títì yẹn ló ń kẹ́yìn iṣẹ́ wọn. Ní Ireland, òṣìṣẹ́ ìlera kan ṣí fáìlì inú ímeèlì ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2021. Ojú ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ni àwọn olè tó ti kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ìlera ibẹ̀ pa. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, ńṣe ni wọ́n ń rìn kiri inú ilé, láti kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń wá agbára ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo ẹ̀rọ. Irú wọn sì máa ń wá ibi tí ẹ̀dà fáìlì tí onílé fi pamọ́ wà, torí ẹni tó ní ẹ̀dà lè kọ̀ láti sanwó. Àwọn dókítà padà sí bébà àti báírò. Àwọn olè náà padà fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, àtúntò gba bí oṣù mẹ́rin. Fáìlì bébà tí wọ́n ń wá títí ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn, àwọn èèyàn ti bú u tó ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè jókòó sókè òkun tì í.

Lóṣù Karùn-ún yẹn kan náà, páìpù epo Colonial ní Amẹ́ríkà dúró. Ẹnu ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé láti òde ni olè bá wọlé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo, láìsí irú kóòdù tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni wọ́n tì. Ilé-iṣẹ́ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ti páìpù, kó má bàa ràn débẹ̀. Ìlà epo gùn bíi ti ibí. Wọ́n san bitcoin 75, bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là, àmọ́ irinṣẹ́ ìṣí tí àwọn olè fún wọn falẹ̀ débi pé ẹ̀dà tiwọn ni wọ́n padà ń lò.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ẹ̀rọ ọ́fíìsì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ tó ń darí iná tàbí omi, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀dà kan síbi tí wáyà ò dé. Háádì-díìsìkì tí wọn ò yọ lára kọ̀ǹpútà, òru kan náà ni òun àti ìyókù á jọ tì.