Bí lẹ́jà alájọní ṣe ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ àdúgbò

Kámẹ́rà ojú pópó, mítà iná, mítà omi, gbogbo wọn ló ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ibẹ̀ gan-an lewu sì ń gbà wọlé. Lọ́dún 2016, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai kàn ń gbìyànjú páswọ́ọ̀dù tí kámẹ́rà àti ráútà bá jáde láti fáktírì, èyí táwọn tó rà á ò pààrọ̀, bó ṣe kó wọn nìyẹn, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá wọ́n fi wọ́n kọlu Dyn, ilé-iṣẹ́ tó ń darí èèyàn sí ìkànnì tí wọ́n bá fẹ́ ṣí, Twitter àti Netflix ò ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ náà.

Tó bá jẹ́ sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ló mọ ẹ̀rọ tó jẹ́ ti àdúgbò, ẹni tó bá ti gba sáfà yẹn ti gba gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Lẹ́jà alájọní, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà táwọn èèyàn mọ̀ sí blockchain jù, ò fi àkọsílẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan: kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ iná, ti omi, ti ìjọba ìbílẹ̀, kálukú ló ní ẹ̀dà tiẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí nǹkan tuntun tó wọ̀ ọ́. Nínú irú ìfẹnukò kan tí wọ́n máa ń lò, tí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ 4, ọ̀kan lè máa parọ́ kó má da nǹkan kan rú, àmọ́ kí wọ́n tó lè fara da òpùrọ́ 2, wọ́n gbọ́dọ̀ pé 7.

Ibi tó ti wúlò jù ni update, ìyẹn sọfitiwia tuntun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe mítà á fi ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní SHA-256 ṣírò sọfitiwia tuntun náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló máa jáde, téèyàn bá yí kínńkín péré padà nínú sọfitiwia yẹn, èyí tó máa jáde á yàtọ̀ pátápátá. Òun ni wọ́n máa fọwọ́ sí, tí wọ́n á gbé sórí lẹ́jà. Tí update bá dé, mítà á ṣe ìṣirò tiẹ̀, tí ò bá ti bá ti orí lẹ́jà mu, kò ní gbà á rárá. Mítà kékeré ò lágbára láti gbé odindi lẹ́jà o, gateway tó wà nítòsí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so mítà pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń bá a gbé e, kò sì sí máíníìnì, ìyẹn kí àwọn kọ̀ǹpútà máa fi ìṣirò díje, bíi ti Bitcoin níbẹ̀.

Iye iná tí ilé kan ń lò ò gbọ́dọ̀ dé orí lẹ́jà rárá, torí ohun tó bá ti wọ lẹ́jà ò ṣeé pa rẹ́, ẹni tó bá sì rí i á mọ ìgbà tí ò sẹ́nìkan nílé.

Tí mítà bá ti ń parọ́ látilẹ̀, irọ́ yẹn náà ni lẹ́jà máa tọ́jú dáadáa. Tí wọ́n bá jí kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ẹ̀rọ fi ń fọwọ́ sí nǹkan, àwọn alájọní á kọ ọ́ sórí lẹ́jà pé kọ́kọ́rọ́ yẹn ti kú, látìgbà náà kò sí gateway tó máa gba ohunkóhun tó bá fọwọ́ sí mọ́.