Bí ilẹ̀kùn dáńfó ṣe ń sọ orúkọ rẹ̀ nù

Bí èèyàn bá gbé fọ́tò irin tó ti dípẹtà síta, tó sì dára débi tí wọ́n fi lè gbé e kọ́ sí pálọ̀, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Áàpù wo lẹ fi ṣe é?" Ìbéèrè yẹn máa ń bíni nínú. Áàpù tó ń pa fọ́tò láró pọ̀ bí eṣú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tó bá ti dé ààtàn kò lè lẹ́wà mọ́, àfi kí ẹnì kan bu ẹwà lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí wọ́n ń bù lé e. Yíyọ ni wọ́n ń yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń yọ ni orúkọ.

Ká fi ilẹ̀kùn dáńfó kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó máa ń fara ti ògiri panẹ́ẹ̀bítà títí koríko á fi hù yí i ká. Yẹ́lò Èkó ni wọ́n kùn ún, ìlà dúdú méjì là á kọjá. Lábẹ́ yẹ́lò náà ni ọ̀dà tí ọkọ̀ ní kó tó di dáńfó wà, ká ní búlúù ni. Níbi tí òkúta bá ti ha ọ̀dà yìí dénú, omi àti atẹ́gùn á bá ibẹ̀ wọlé sára irin. Àyè tí ìpẹtà ń gbà ju ìlọ́po méjì àyè irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń wú lábẹ́ ọ̀dà bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo gbígbóná. Ọ̀dà á lé ròrò, á bẹ́, etí rẹ̀ á ká sókè, yẹ́lò, búlúù àti pupa rúsúrúsú á wá jọ yọjú lójú kan náà. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun máa ń mú iṣẹ́ yìí yá, òun ló fà á tí páànù etí òkun Èkó fi ń tètè jẹ ju ti Ìbàdàn lọ. Gbogbo àwọ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ béèrè áàpù ti wà níbẹ̀ kí onífọ́tò tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lókèèrè ya gbogbo ilẹ̀kùn náà, ilẹ̀kùn tó bà jẹ́ ló yà. Ojú á ríran, ọpọlọ á dá a lóhùn pé, "Ilẹ̀kùn ni," ó parí. Orúkọ ti dé, ojú ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, onífọ́tò á súnmọ́ ọn, á gé ibi tí wọ́n fi ń dì í mú kúrò nínú àwòrán, á gé etí gíláàsì, á gé àgbékọ́. Ìkọ̀wé ló máa ń ṣòroó lé jù. Bí wọ́n bá kọ "Orí Mi" sára ilẹ̀kùn, tí odindi O bá fi wọ inú fọ́tò, kíkà ni ojú á máa kà. Tí wọ́n bá gé O yẹn láàbọ̀, ó lè di òṣùpá, ó lè di etí igbá, kò sẹ́ni tó máa kà á mọ́.

Lẹ́yìn orúkọ, ó kan ìwọ̀n. Ewé kan ṣoṣo tó bá já sórí ilẹ̀kùn lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, torí gbogbo wa la mọ bí ewé ṣe tóbi tó. Ẹ mú ewé náà kúrò, kí ẹ sì gbé kámẹ́rà kọjú sí ilẹ̀kùn gbọọrọ, láìdagun, kí ibì kankan má jìnnà ju ibòmíràn lọ. Ibi tí ọ̀dà ti bó, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, á wá dà bí ọ̀sà tí èèyàn ń wò láti inú ọkọ̀ òfúrufú.

Ohun tí ìlù dùndún ń ṣe fún ọ̀rọ̀ gan-an nìyí. Ìlù kò ní ètè, kò ní eyín, ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ló lè gbé. Ilé, igbá, ọkọ́: ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú awọ, re-mí. Onílù tó mọṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìní alábàárìn. Á fa oríkì gígùn tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tipẹ́, kí etí lè rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n onífọ́tò ń ṣe òdìkejì onílù: ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn, re-mí lásán, ló ń fi síta, tí á wá fi ẹni tó ń wò ó sílẹ̀ kó máa wá ilé, kó máa wá igbá.

Ìmọ́lẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. Wọ́n á ní kí wọ́n má ṣe ya fọ́tò lọ́sàn-án gangan. Bó bá jẹ́ ojú èèyàn ni, ó tọ̀nà, torí òjìji á kún inú kòtò ojú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó wà lóòró, ọ̀sán gangan gan-an ni àsìkò rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa yọ́ bọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ lójú ilẹ̀kùn bí omi òjò lára ògiri. Etí ọ̀dà tó ká sókè, tí kò nípọn ju èékánná lọ, á ju òjìji gígùn sísàlẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ tẹ́ ilẹ̀kùn yẹn kan náà sílẹ̀ ní agogo méjìlá, ìmọ́lẹ̀ á dà lé e láyà, gbogbo rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó wà nílẹ̀ ló nílò oòrùn aago méje àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́. Fóònù tún ní ìwà tirẹ̀: ó ka òjìji sí àṣìṣe, fúnra rẹ̀ ló máa ń là á. Kí èèyàn fi ìka tẹ ojú fóònù, kó fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Kó sì yẹ̀ sẹ́yìn, kó fi súùmù fà á súnmọ́, torí ẹni tó bá gbé fóònù lé e pẹ́kípẹ́kí, òjìji fóònù ni yóò yà.

Tí fọ́tò bá ti jáde, ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ibi tó wú á di kòtò, kòtò á sì di òkè. Ọpọlọ ti gbà pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, torí òkè ni oòrùn wà láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Bí wọ́n bá dorí fọ́tò èèyàn kodò, imú ṣì jẹ́ imú, torí a mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí kò lórúkọ ni òjìji ń rí tàn jẹ bẹ́ẹ̀.

Aaron Siskind, onífọ́tò ọmọ New York tí wọ́n bí ní 1903, mọ ọgbọ́n yìí dunjú. Ní àwọn ọdún 1930, ìgbé ayé àwọn aráàlú ló ń yà, Harlem sì wà lára ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ní 1944, ní Gloucester, ìlú apẹja ní Massachusetts, ó ya ìbọ̀wọ́ kan tí wọ́n ti pa tì, ó sì kọjú sí pósítà tó ya, ògiri tó là àti ọ̀dà tó ń bó. Ní 1949, ó ya ọ̀dà bíbó ní Jerome, ìlú awakùsà bàbà ní Arizona. Àkọlé àwọn fọ́tò rẹ̀ ló dùn jù: orúkọ ìlú, nọ́ńbà, ọdún, ó tán. Kò sọ ohun tó yà fún ẹnikẹ́ni. Irving Penn, tó ń ya àwọn arẹwà fún Vogue, ìwé ìròyìn oge, gba ọ̀nà mìíràn. Ìdí sìgá tí wọ́n ti mu sọnù ní títì New York ló kó wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní 1972, ó sì fi platinum àti palladium, àwọn irin olówó iyebíye, tẹ̀ wọ́n jáde. Ní 1975, wọ́n pàtẹ wọn ní Museum of Modern Art, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní New York. Fọ́tò náà lẹ́wà gidigidi, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè ka orúkọ ilé iṣẹ́ lára àwọn kan nínú sìgá ọ̀hún. Penn wọ sányán fún ìdí sìgá ni, ìdí sìgá ló ṣì jẹ́. Ti Siskind le jù ú lọ.

Ọ̀bẹ tó gé orúkọ ilẹ̀kùn kúrò ló gé awakọ̀ àti kọ́ńdọ́kítọ̀ náà kúrò. Bóyá jàǹbá ọkọ̀ ló gbé ilẹ̀kùn ọ̀hún dé ara ògiri panẹ́ẹ̀bítà, fọ́tò kò ní sọ. Àwọn tó ń fi irin àlòkù jẹun ní Owóde Onírin kò sí nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú tiwọn, ilẹ̀kùn náà kò fìgbà kan sọ orúkọ rẹ̀ nù: irin ni, ó ní iye kílò. Panẹ́ẹ̀bítà á gé ibi tó ṣì dára lára rẹ̀ fi lẹ ìdí dáńfó mìíràn, á kun yẹ́lò lé e. Ibi tó dípẹtà, tó dà bí ọ̀sà, á bá ẹni tó ń ra irin lọ.