Ta ló lè ṣí àpótí náà? Bí ìpamọ́ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ìlú bíi Kétu

Bí a bá gbé ohùn àwọn àgbà Kétu, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn oríkì àwọn Alákétu, orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lóru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti ìtàn ogun Dàhòmì tó tú ìlú náà ká ní 1886, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Níbo ni ohùn náà yóò máa wà? Ta ni yóò lè gbọ́ ọ? Ta ló lè pa á rẹ́? Bí ẹni tó ń bójú tó o bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ètò ìpamọ́ ní ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀, inú ohun tí a ó máa pè ní àpótí níhìn-ín ló sì kó ìdáhùn náà sí.

Àpótí yìí jẹ́ àyè kan lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí a fún ní orúkọ, tí a sì fi òfin tirẹ̀ dè. Lórí ètò ìpamọ́ ti ilé iṣẹ́ Amazon, bucket ni wọ́n ń pè é. Lórí Azure àti OpenStack, tí àwọn náà jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, container ni. Archivematica, ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé àkójọpọ̀ ìwé ń lò, pín tirẹ̀ sí Space, ó sì fi àwọn Location sínú rẹ̀. Àpótí kan lè gba mílíọ̀nù fáìlì, kò sì sí èyí tí òfin àpótí náà kò dè nínú wọn. Fódà tí a ń rí nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ fódà gidi. Orúkọ fáìlì ló ní àmì "/" nínú, ètò náà wá ń fi í hàn bíi fódà. Ìdí nìyẹn tí yíyí orúkọ "fódà" ńlá padà fi máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀rọ náà ní láti da gbogbo fáìlì inú rẹ̀ kọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọdún pín àpótí, tàbí irú fáìlì: fọ́tò síhìn-ín, ohùn sọ́hùn-ún. Ó mọ́ lójú, àmọ́ ẹ̀tọ́ ló yẹ kí a fi pín in. Àwọn tó bá ní ẹ̀tọ́ kan náà sí fáìlì méjì, kí fáìlì méjèèjì wà pa pọ̀. Bí ẹ̀tọ́ bá yàtọ̀, kí àpótí yàtọ̀, ìbáà ṣe ọjọ́ kan náà ni a gbà wọ́n sílẹ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọdún àti ijó eégún tí Kétu fi gbajúmọ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere. UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun àjogúnbá aráyé ní 2001, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ijó ọ̀sán rẹ̀, ìta gbangba ni, ẹni tó bá ń kọjá lọ lè dúró wò ó. Òru Ẹ̀fẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ máa ń fi orin bá oníwàkiwà wí, orin náà sì lè tọ́ka sí ẹni kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ní òru yẹn, ìlú gbọ́, ìlú rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì tún ìwà ṣe. Àmọ́ bí ohùn náà bá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáwí alẹ́ kan di ẹ̀gàn tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò bá níbẹ̀. Bí ijó ọ̀sán àti orin òru bá wà nínú àpótí kan ṣoṣo tí a kọ ọdún sí lára, ẹni tí a bá fún láyè láti wo ijó ti gba àyè láti gbọ́ orin náà pẹ̀lú. Òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà sì wà níbẹ̀: òfin nọ́ńbà 2017-20, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ní apá tó dá lórí ọ̀rọ̀ ara ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, APDP ni àjọ tó sì ń mójú tó o.

Nítorí náà, àpótí mẹ́ta ló máa ń wúlò fún irú àkójọ bẹ́ẹ̀: èyí tí gbogbo ayé lè wò, èyí tó wà fún ọmọ ìlú àti àwọn tí ìlú bá fọwọ́ sí, àti èyí tí àwọn tó ni àṣà náà nìkan lè ṣí. Àwọn ará Warumungu ní Ọsirélíà ló kọ́kọ́ mú kí wọ́n ṣe ètò kan tó ń jẹ́ Mukurtu, níbi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti ń fúnra rẹ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ nípa ẹni tó lè rí kí ni. Ó dára kí àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ Yorùbá jọ yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò dáadáa, torí pé ohun tí wọ́n ń dáàbò bò jọ ti ilẹ̀ wa gan-an.

Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, àyè tí a ń fún ènìyàn jẹ́ oríṣiríṣi. Ẹnì kan lè rí àkọlé fáìlì láìlè ṣí i. Ẹlòmíì lè ṣí i láìlè gbé e lọ. A lè gba ẹnì kan láyè kó máa fi fáìlì sí i láìrí ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí sì dára fún ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò kiri Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́. Títún àlàyé fáìlì ṣe, pípa á rẹ́, àti fífún ẹlòmíì láyè, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kí a ṣọ́ra pẹ̀lú àkọlé pàápàá: bí orúkọ ẹni tí wọ́n kọrin bú bá wà nínú àkọlé, ẹni tó rí àkọlé ti mọ ohun tí a fẹ́ fi pamọ́.

Ẹgbẹ́ ló yẹ kí a fún láyè, ká má fún ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. A dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ká pè é ní "àwọn olùkọ́ Yorùbá", a fún ẹgbẹ́ náà láyè sí àpótí, a wá ń fi ènìyàn sí i, a ń yọ wọ́n. Bí olùkọ́ kan bá kó kúrò ní Kétu, ìyọkúrò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Bí òfin méjì bá kọlu ara wọn ńkọ́? Lórí Amazon, èyí tó ní "rárá" ló ń borí èyí tó ní "bẹ́ẹ̀ ni". Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 sì ni gbogbo àpótí tuntun lórí Amazon ti máa ń wà ní títì sí gbogbo ayé, àfi bí ẹni tó ni ín bá dìídì ṣí i.

Fún àlejò tí kò ní àkáǹtì, líǹkì onígbà díẹ̀ ni a ń lò. Irú èyí lórí Amazon kò lè kọjá ọjọ́ 7. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tí líǹkì náà bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè lò ó títí ọjọ́ yóò fi pé, ètò náà kò sì ní béèrè ẹni tó jẹ́. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń rìn lórí WhatsApp. Ẹ̀dà kékeré ni ká fi ránṣẹ́. Ohùn wákàtí kan tí a gbà ní 48 kHz, 24 bit, pẹ̀lú ikanni méjì, lè tó 1.04 GB ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀. Ẹ̀dà MP3 rẹ̀ ní 128 kbps kò ju nǹkan bí 58 MB lọ. WAV ni ògidì, ó ń dúró sí àpótí tirẹ̀ tí kì í jáde. MP3 ló ń rìn. OAIS, ìlànà àgbáyé fún ìpamọ́ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, tí àjọ ISO tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ISO 14721, ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ náà: ohun tí a pa mọ́ yàtọ̀ sí ohun tí a fi lé oníbéèrè lọ́wọ́.

Ibi tó ti máa ń dójú ti àwọn tó ń kọ Yorùbá ni orúkọ fáìlì. Ẹ wo "Ẹ̀fẹ̀". Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ "ẹ̀" ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ "ẹ" tó jẹ́ odidi pẹ̀lú àmì ohùn lórí, ó sì lè jẹ́ "e" lásán, tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé, kí àmì òkè tó wá dé. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni. Kọ̀ǹpútà Apple ti àtijọ́ máa ń tú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó tọ́jú orúkọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fáìlì kan á kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan ní Kétu, á dé sáfà, ètò ìpamọ́ á sì pariwo pé fáìlì ti sọnù, nígbà tó jẹ́ pé ó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ àpótí lórí Amazon kò tilẹ̀ gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rárá: lẹ́tà kékeré a sí z, nọ́ńbà, àmì "-" àti àmì ìdánudúró "." nìkan ni, iye wọn lápapọ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí 3 tàbí kó ju 63 lọ. Ohun tó tọ́ ni kí fáìlì máa jẹ́ ketu-efe-0007.wav, kí àkọlé gidi, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, wà nínú àlàyé tó bá fáìlì náà rìn. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa tìtorí èyí yọ àmì kúrò nínú àlàyé. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ìlú yóò ti máa wá nǹkan, èdè náà sì yẹ kó pé níbẹ̀.

Nígbà tí a bá ń gbé àkójọ láti ibì kan síbòmíì, BagIt ni ìlànà tó gbilẹ̀ jù, RFC 8493 ti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló sì ṣàlàyé rẹ̀. Bí a bá ṣí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, a ó rí fódà kan tó ń jẹ́ data, níbi tí fáìlì wà. A ó rí bagit.txt tó ń sọ irú ẹrù tó jẹ́. A ó tún rí manifest-sha256.txt. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú èyí tó kẹ́yìn ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, orúkọ fáìlì á sì tẹ̀ lé e. Inú fáìlì fúnra rẹ̀ ni a ti ṣírò lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 yẹn. Bí bíìtì kan ṣoṣo bá yí padà nínú ohùn bàbá àgbà, èsì ìṣírò náà yóò yàtọ̀ pátápátá. Ètò ìpamọ́ tó dára máa ń tún un ṣírò látìgbàdégbà, kì í dúró dìgbà tí ẹnì kan bá béèrè fáìlì.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tí fáìlì ńlá ń gòkè, kò pọn dandan ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. A lè gé fáìlì sí apá, kí a sì fi apá tó kù nìkan ránṣẹ́. Àmọ́ àwọn apá tí kò parí máa ń dúró sórí sáfà, owó sì ń lọ lórí wọn títí a ó fi pa wọ́n rẹ́ tàbí kí a kọ òfin tó ń kó wọn kúrò.

Pípa rẹ́ ló le jù. Bí a bá tan ìpamọ́ ẹ̀dà àtijọ́ nínú àpótí, ẹni tó pa fáìlì rẹ́ kàn fi àmì bò ó ni, a ṣì lè yọ àmì náà. Títì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà: a lè ti fáìlì fún iye ọdún kan, ní irú ọ̀nà tí olórí àkáǹtì pàápàá kò ní lè pa á rẹ́ kó tó pé. Kí ìgbìmọ̀ tó yan èyí, kí wọ́n rántí àwọn tí orin kàn. Bí ẹbí kan bá wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ orúkọ baba wọn, tí fáìlì sì wà ní títì fún ogún ọdún, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí a dí ọ̀nà tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀dà kan kò tó. Ìlànà NDSA, ẹgbẹ́ àwọn olùpamọ́ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tún ṣe ní 2019, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dà méjì níbi méjì, ó sì ga dé ẹ̀dà mẹ́ta ní àgbègbè tí ewu wọn kò jọra. Kétu wà lórí ilẹ̀ gíga, Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, wà létí ọ̀sà. Ẹ̀dà kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, àti ọ̀kan lókèèrè, àgbàrá kan ṣoṣo kò lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní láti gbé òfin rẹ̀ dání lọ síbẹ̀. Ẹ̀dà àpótí títì tó wá di ṣíṣí ní Àjàṣẹ́ ti tú àṣírí náà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ta ló ni àkáǹtì? Bí ó bá jẹ́ pé ímeèlì ènìyàn kan ni wọ́n fi ṣí i, àpótí náà wà lọ́wọ́ ẹni yẹn, ó fẹ́ ni o, ó kọ̀ ni o. Kí ímeèlì jẹ́ ti ẹgbẹ́ tàbí ti ilé iṣẹ́, kí ènìyàn méjì ó kéré tán ní ọ̀nà wọlé, kí owó ìpamọ́ má sì ti inú àpò ẹnì kan jáde. Lọ́jọ́ tí alábòójútó bá ń fiṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ẹni tuntun yóò gbé odindi àpótí kan jáde gẹ́gẹ́ bíi BagIt, yóò yẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 náà wò fáìlì sí fáìlì, yóò ka orúkọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí èyí bá parí ni wọn yóò tó pa ọ̀rọ̀ aṣínà ti ẹni àtijọ́ rẹ́.