Fífojú inú mira nígbà ìrora àti ara yíyún

Fífojú inú mira ni kéèyàn máa rò ó lọ́kàn pé òun ń gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, bíi pé ó ń ṣe é gan-an, ṣùgbọ́n tí ara ò mira rárá. Ọpọlọ ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o. Àwọn ibi tó ń ṣètò bí ara ṣe máa mira, títí kan cerebellum tó wà lápá ẹ̀yìn orí, máa ń ṣiṣẹ́, àfi pé primary motor cortex tó ń ránṣẹ́ sí iṣan kì í fi bẹ́ẹ̀ ta kìjí tó ìgbà téèyàn mira lóòótọ́. Tí wọ́n bá fi EEG, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ látorí awọ orí, wò ó, ìgbì ọpọlọ tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 8 sí 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (8 sí 13 Hz) á lọ sílẹ̀, tó bá sì jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lò ń rò, apá òsì ọpọlọ ló sábà máa ń hàn sí jù.

Ó kan ìrora àti ara yíyún torí pé méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí ara ṣe: iná jó ẹ, o fa ọwọ́ sẹ́yìn, ara yún ẹ, ọwọ́ ti débẹ̀. Láti 1660 ni dókítà ará Jámánì kan, Samuel Hafenreffer, ti sọ pé ara yíyún ni ìmọ̀lára tí ò dáa tó ń mú kó wuni láti họra. Tí wọ́n bá fi histamine, èròjà tó ń mú kí ara yúnni, sára awọ èèyàn nínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán ọpọlọ, kì í ṣe insula àti anterior cingulate, àwọn ibi nínú ọpọlọ tí ìrora náà máa ń ta jí, nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ibi tó ń ṣètò ọwọ́ náà ń ṣiṣẹ́, kónítọ̀hún tó họra rárá. Ní Lübeck lórílẹ̀-èdè Jámánì, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 lo dígí: apá kan ló ń yún, èkejì ni wọ́n ń họ, àmọ́ dígí mú kó dà bíi pé èyí tó ń yún gan-an ni, ó sì dín yíyún ọ̀hún kù díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń tuni lára ṣá. Lorimer Moseley, ará Ọsirélíà tó ń ṣèwádìí nípa ìrora, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i ní 2008 pé àwọn tí apá ti ń dùn tipẹ́, tí wọ́n bá kàn rò ó pé àwọn ń mì í, ó tún ń dùn wọ́n sí i, ọwọ́ á tún wú. Ìtọ́jú graded motor imagery, ìyẹn fífojú inú mira ní ìpele-ìpele, tí Moseley ti gbé jáde ṣáájú ìyẹn ní 2004, náà kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ríro: ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àwòrán ọwọ́ ni aláìsàn á máa wò, á máa sọ bóyá ọ̀tún ni àbí òsì, ríro á tẹ̀ lé e, dígí ló gbẹ̀yìn.