Mo Ti Buwọ́ Lùwé, Mo sì Farapa: Ǹjẹ́ Mo Ṣì Lè Pẹjọ́?

Ìbéèrè: Kí wọ́n tó jẹ́ kí n gun ògiri tí wọ́n ṣe fún eré ìgùnkè, wọ́n ní kí n buwọ́ lu ìwé kan tí ó sọ pé n kò ní pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ohun yòówù kí ó ṣe mí. Okùn tí wọ́n so mọ́ mi já, mo ṣubú, ẹsẹ̀ mi sì kán. Ṣé ìwé yẹn ti pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oríṣi ewu méjì ni ó wà ní ibi eré, òfin kì í sì í fi ojú kan náà wò wọ́n. Èkíní bá eré náà wá: ọwọ́ ẹni tí ó ń gun ògiri lè yọ̀, ẹni tí ó ń sáré lórí yìnyín sì lè ṣubú láìsí ẹni tí ó tì í. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú irú eré bẹ́ẹ̀ ti gba ewu rẹ̀ mọ́ra, ó sì ṣòro kí ó gba owó gbà-má-bínú lórí rẹ̀, kódà bí kò bá buwọ́ lu ìwé kankan. Èkejì ni èyí tí àwọn tí ó ni ibẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn fà: okùn tí ó ti gbó tí wọn kò pààrọ̀, ìdè tí òṣìṣẹ́ kò yẹ̀ wò kí ó tó ní kí ènìyàn máa gòkè, ilẹ̀ tí kò ní tìmùtìmù níbi tí ó yẹ kí ó wà. Okùn tí ó já lè wà lára èyí, bí a bá lè fi hàn pé àìbìkítà ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè rí i. Ibi tí agbára ìwé tí ẹ buwọ́ lù ti ń dínkù nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé bí òfin ti rí níbi gbogbo nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1977 kò gbà kí oníṣòwò fi ìwé àdéhùn tàbí pátákó ìkìlọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi ikú tàbí ìfarapa tí àìbìkítà rẹ̀ fà, òfin 2015 tí ó ń dáàbò bo oníbàárà sì fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Òfin New York sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ di asán ní adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́, ibi ìdárayá àti ibi ìgbafẹ́ tí aráàlú ń san owó wọ̀. California gbà á ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2007 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ibẹ̀ sọ pé kò lè bo àìbìkítà tí ó bá kọjá ààlà.

Ìbéèrè: N kò tilẹ̀ ka ìwé náà. Ǹjẹ́ èyí lè gbè mí?

Ìdáhùn: Nígbà mìíràn ni, kì í ṣe ìgbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹjọ́ gbà pé ẹni tí ó bá buwọ́ lùwé ti fara mọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kánádà dá ní 1988. Ọkùnrin kan forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje níbi tí wọ́n ti ń jókòó sínú túùbù ńlá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí láti sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yìnyín. Ó buwọ́ lu ìwé láìkà á, ó rò pé ìwé ìforúkọsílẹ̀ lásán ni. Ọtí ti pa á gidigidi. Ọ̀gá ibẹ̀ rí i, ó sì sọ fún un pé yóò dára kí ó má bá eré náà lọ, ṣùgbọ́n kò dá a dúró. Ó ṣubú, ọrùn rẹ̀ kán, ó sì yarọ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní ìwé náà kò lè gba ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé wọn kò pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, wọn kò sì ní ìdí láti gbà pé ó kà á. Ẹ̀bi náà sì pín: ìdá 75 nínú 100 di ti ilé-iṣẹ́, ìdá 25 di ti ọkùnrin náà. Lójú tèmi, ìpín yìí ni ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn jù lọ, nítorí pé ẹni tí ó jàre pàápàá lè gba owó tí kò pé.

Ìbéèrè: Bí òbí bá buwọ́ lùwé nítorí ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Àríyànjiyàn ṣì pọ̀ lórí èyí. Ní Colorado, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ sọ ní 2002 pé òbí kò lè fi ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ láti pẹjọ́ tọrẹ ṣáájú ìjàǹbá. Nígbà tí ó di 2003, àwọn aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin tí ó yí i padà.

Ìbéèrè: Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí ẹ buwọ́ lù, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ìjàǹbá náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, kí ẹ tọ́jú ìwé ilé-ìwòsàn, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tí ó ṣojú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà kíákíá pé kí wọ́n má ṣe sọ okùn náà nù, kí wọ́n má sì pa fídíò kámẹ́rà ọjọ́ náà rẹ́, nítorí pé irú fídíò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tí òmíràn fi ń gorí rẹ̀. Ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí àkókò tó kọjá: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 ni a sábà máa ń ní láti pẹjọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ìgbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 18 ni kíkà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní California, ọdún 2 ni.