Bí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta inú Only Fools and Horses ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí Del Boy àti àbúrò rẹ̀ Rodney ń gbé kiri nínú eré apanilẹ́rìn-ín Only Fools and Horses ní Reliant Robin. Kì í ṣe Robin. Reliant Regal Supervan III ni, ẹ̀gbọ́n Robin, tí ilé iṣẹ́ Reliant ní ìlú Tamworth ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní 1973 nígbà tí Robin dé. Nígbà tí BBC fi máa gbé eré náà jáde ní oṣù kẹsàn-án 1981, gbogbo Regal tó kù lójú títì ti di àlòkù. Ìdí nìyẹn tó fi bá Del Boy, oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò ní rìsíìtì, mu. “New York – Paris – Peckham” ni wọ́n kọ sí i lára. (Peckham ní London, tí àwọn Yorùbá kún lónìí, ni ìtàn náà ní òun ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ilé gíga tí à ń rí kò sí níbẹ̀: Acton, ní apá ibòmíràn ní London, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya á, kí wọ́n tó kó lọ sí Bristol.)

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta? Owó orí ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì ló fà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn, bí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò bá wúwo ju hundredweight 8 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 406, owó orí alùpùpù ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ẹni tó sì ní láísẹ́ǹsì alùpùpù lè wà á láì tún ṣe ìdánwò mọ́tò. Òṣìṣẹ́ tó ti ń fi alùpùpù gbé ìyàwó kiri nínú òjò lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sábẹ́ òrùlé. Kìlógíráàmù 406 yẹn ló pàṣẹ gbogbo ìyókù. Òun ló jẹ́ kí ara ọkọ̀ náà jẹ́ fáíbà dípò páànù, òun náà ló sì mú kí Reliant pa ẹ́ńjìnnì onírin àtijọ́ tì, èyí tí wọ́n ti ń ṣe ní àwòkọ ti mọ́tò kékeré Austin Seven láti ìgbà tí Austin ti ṣíwọ́ ṣíṣe é ní 1939. Ní 1962, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì alumíníọ̀mù jáde, 598 cc. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di 701 cc.

Táyà kan ṣoṣo wà níwájú. Ẹ́ńjìnnì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó sì yọ wọ inú ọkọ̀ láàárín ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà àti ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó tì í, pẹ̀lú ìdérí lórí rẹ̀. Gíà mẹ́rin ló ní. Ṣáfúùtì ló ń gbé agbára lọ sí táyà méjì ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ pé ó máa ń ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ Márúwá rí mọ ìlànà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fa ìlà láti táyà iwájú lọ sí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan: orí ìlà yẹn ni ọkọ̀ máa ń gbà ṣubú. Bí ìwúwo rẹ̀ bá ṣì wà láàárín ìlà méjèèjì, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ síwájú ni àyè náà ń fún. Tí dẹ́rẹ́bà bá wá tẹ bíréèkì nígbà tó ń yí kọ́nà lọ́wọ́, ìwúwo á sáré lọ síwájú, á tún tì sí ẹ̀gbẹ́, síbi tí àyè ti kéré jù gan-an. Nítorí náà, kí a tó dé kọ́nà ni ká ti tẹ bíréèkì. Ká fi í sílẹ̀, ká wá yí ọwọ́, ká sì rọra fún un ní epo kí ìwúwo lè padà sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà bó bá dá wà nínú ọkọ̀, kọ́nà tó yà sí òsì ló yẹ kó bẹ̀rù jù, torí ọ̀tún ni ọkọ̀ yóò tì sí, ọ̀tún náà sì ni òun fúnra rẹ̀ wà. Ẹrù tó wúwo tó wà nílẹ̀ ọkọ̀, lókè táyà ẹ̀yìn, ń ràn án lọ́wọ́ ni. Èyí tí a dì sórí òrùlé ló ń pani.

Tẹlifíṣọ̀n ti bù mọ́ ọn púpọ̀. Regal aláwọ̀ búlúù tí mọ́tò Mini ti Mr. Bean ń bì ṣubú ní gbogbo ìgbà, àrà eré ni. Robin tó ń yí gbiri ní gbogbo kọ́nà lábẹ́ Jeremy Clarkson lórí ètò mọ́tò Top Gear ní 2010 ńkọ́? Clarkson fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 2016 pé wọ́n ti dọ́gbọ́n sí differential rẹ̀, ìyẹn gíà tó ń pín agbára fún táyà méjì ẹ̀yìn, kó lè máa wó.

Ohun tó ń pa Regal gan-an kì í ṣe kọ́nà, omi ni. Slíìfù ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí pístìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n rọ́ wọ inú búlọ́ọ̀kù pinpin. Ó kàn jókòó sínú rẹ̀ ni, omi rédíétọ̀ sì ń ṣàn yí i ká. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó dà bí nọ́ńbà 8 ló wà nídìí slíìfù méjì méjì, òun ni kò jẹ́ kí omi dà sínú ọ́ìlì. Lókè, slíìfù gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, lè dì í mú. Tó bá rì, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, bó ti wù kí ó jẹ́ tuntun tó. Ẹni tó ń bu omi lásán sí i dípò kúláǹtì ń jẹ alumíníọ̀mù náà run díẹ̀díẹ̀. Ìdọ̀tí á di ojú ọ̀nà omi, ẹ́ńjìnnì á gbóná, ọ́ìlì á funfun, á sì ki.

Tí a bá fẹ́ tú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù pátápátá. A ó gbọn omi dànù, a ó tú nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ní kété tí tọ́ọ̀pù bá ti kúrò, a ó fi wáṣà ńlá àti nọ́ọ̀tì di àwọn slíìfù mọ́lẹ̀, a kò sì ní yí ẹ́ńjìnnì rárá. Ibí ni mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n ti ń bà á jẹ́: ó yí kíráǹkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti wo pístìnì, slíìfù gbé sókè, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí ya, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ wá di títú gbogbo ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí a bá ń dì í padà, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára. Alumíníọ̀mù kò ní sùúrù fún ẹni tó ń fi gbogbo ara di nọ́ọ̀tì. Ojú ihò tí bóòtù ń wọ̀ nínú rẹ̀ á bó.

Fáíbà kì í dípẹtà, ó sì ń tan àwọn olùrà jẹ. Ara ọkọ̀ lè máa dán gbinrin kí irin ṣásí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Abẹ́ ni ká kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ wò, pàápàá níbi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Fáíbà kì í sì í gbé iná mànàmáná, nítorí náà iná kọ̀ọ̀kan ló nílò wáyà tirẹ̀ tó ń padà sí ṣásí. Tí iná ẹ̀yìn bá ń ṣẹ́jú, tí ìmọ́lẹ̀ iwájú sì ń rọ bí a bá tẹ bíréèkì, wáyà ìpadà yẹn ni ká kọ́kọ́ fọ̀ kí a tó ra gílóòbù. Fáíbà tún ń jó kíákíá. Kábúrétọ̀ tó ń jò nínú irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń sún di ọ̀la.

Reliant ṣíwọ́ mọ́tò ṣíṣe ní 2001. Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ṣì ṣeé rí, torí pé ìran ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n lò títí dé Robin ìkẹyìn. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbé 848 cc sí ipò 701 cc. Àwọn nǹkan tó jẹ́ ti Regal nìkan ló ń lé ènìyàn kiri, inú ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọkọ̀ náà ni a sì ti sábà ń rí wọn. Ní ti ọkọ̀ eré gan-an, kì í ṣe ẹyọ kan ni wọ́n lò láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ní ilé ìṣúra mọ́tò ní Beaulieu, wọ́n ti pàtẹ ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìyeyè mìíràn tí à ń rí níbi ìpàtẹ jẹ́ ẹ̀dà tí àwọn olólùfẹ́ eré náà kùn fúnra wọn, nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ń ta “ti Del Boy” fún, ìwé ọkọ̀ ni kó bèèrè, kó má wo ọ̀dà.